Yẹtí Mélòó Ni Etí Méjì Ń Fẹ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè ìṣirò kan. Etí mélòó ni Olódùmarè dá mọ́ orí ọmọ ènìyàn? Méjì. Yẹtí mélòó ló wà nínú ike tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, tàbí àbúrò yín, tàbí olólùfẹ́ yín, ń kó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sí? Ẹ má wulẹ̀ kà á. Bí ẹ bá kà á dé ogójì, ẹ ó ṣì rí ike mìíràn lábẹ́ ibùsùn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí nítorí pé "àwọn ti òde ló wà níbẹ̀." Tí a bá tilẹ̀ fi ti òde sílẹ̀, ogójì yẹtí jẹ́ ogún méjì-méjì, ìyẹn ni pé ó lè fi ogún ọjọ́ gbáko pààrọ̀ yẹtí láìlo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, bí ìnáwó bá dé ní àárọ̀ Sátidé, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni: "Mi ò ní yẹtí tí mo máa lò."

Ohun ọ̀ṣọ́ tèmi kò ju aago ọwọ́ kan lọ. Aago náà ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ìpele kejì. Mo ṣì ń dè é mọ́wọ́ nítorí pé ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé kí ni aago wí, fóònù ni mo ń yọ wò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ rọrùn tó báyìí ni ọ̀rọ̀ yẹtí, ẹ̀gbà àti ìlẹ̀kẹ̀ ń rú lójú.

Ẹ gbé ti ìdí yẹtí yẹ̀ wò, nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn etí kí yẹtí má baà jábọ́. Kò tó hóró àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní yàrá, gbogbo ilé ló máa dìde. Wọ́n á tan iná fóònù, wọ́n á gbá abẹ́ tábìlì, wọ́n á gbé tìmùtìmù dúró gbọn-in mọ́ ògiri. Èmi sọ ẹgbẹ̀rún náírà nù ní ilé kan náà, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n lọ fara balẹ̀, n ó rí i.

Tàbí kí ẹ gbé ti yẹtí tí èkejì rẹ̀ ti sọnù. Ní ojú tèmi, yẹtí kan ṣoṣo kò wúlò mọ́. Lójú obìnrin, ìbejì ni yẹtí: bí Táyé bá rìn jìnnà, Kẹ́hìndé kì í kúrò nílé. Yóò wà nínú ike fún ọdún márùn-ún. Bí ẹ bá ní kí wọ́n jù ú nù, wọ́n á ní, "Èkejì á jáde." Ẹnì kan tí mo mọ̀ kó ilé láti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́, ó sì di irú yẹtí bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́rù, bí ẹni pé èkejì wọn yóò wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi pé wúrà kì í bá fàdákà rìn. Irin ara báàgì gbọ́dọ̀ bá yẹtí mu, yẹtí gbọ́dọ̀ bá bàtà mu, bàtà gbọ́dọ̀ bá òrùka mu. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ní ìṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi wá níwájú dígí: "Èwo ló dára jù nínú méjèèjì?" Bí ẹ bá ní ti ọwọ́ òsì ni, wọ́n á ní, "Kí ló ṣe ti ọwọ́ ọ̀tún?" Bí ẹ bá ní méjèèjì dára, wọ́n á ní ẹ ò wò ó dáadáa. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á ní, "Mo ti mọ̀ pé o ò ráyè tèmi." Ìbéèrè yìí le ju ti fonọ́lọ́jì lọ. Nínú fonọ́lọ́jì, ẹni tó bá gbìyànjú a kúkú máa rí máàkì díẹ̀ gbà.

Gbogbo èyí ni àwa ọkùnrin máa ń kó jọ lábẹ́ igi kí olùkọ́ tó dé, tí a ó máa fi rẹ́rìn-ín, tí ẹnì kan yóò sì parí rẹ̀ pé: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìranù ni." Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ń rú mi lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èdè Tápà náà kò yé mi, mi ò sì lè torí ìyẹn sọ pé ariwo lásán ni àwọn Tápà ń pa. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kí ó mọ èyí, àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun ọ̀ṣọ́ lára obìnrin, ọ̀rọ̀ ni, owó sì ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ló ń pè é ní ìranù. Ẹ̀rín náà sì ní ewu tirẹ̀: ohun tí a bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í béèrè orúkọ rẹ̀, ohun tí a kò bá sì béèrè orúkọ rẹ̀ yóò bá àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n wọ ilẹ̀ lọ.

Ta ló tilẹ̀ fún ọkùnrin ní àṣẹ láti rẹ́rìn-ín? Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn ère idẹ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ère ọba. Ẹ wá àwòrán rẹ̀ wò. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó wà láyà, ó wà lọ́wọ́, ó wà lẹ́sẹ̀. Ọba wa títí di òní, kí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lóde bí kò ṣe adé tí ìlẹ̀kẹ̀ ń já sílẹ̀ lójú rẹ̀? Babaláwo ń kọ́? Ìdè Ifá ni ó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ sì wo ọkọ ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ tó gbé kọ́rùn lè mú ọmọ kékeré ṣubú, síbẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ kí ó sọ pé ìranù ni. Ọjọ́ kejì ni ìranù máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìyàwó bá ní òun fẹ́ ra tòun.

Ifẹ̀ yìí kan náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti wa Igbó Olókun, níbi tí wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé láti òkèèrè ni gbogbo dígí ti ń wọ ilẹ̀ wa, pé ọwọ́ wa kò ṣe ju pé kí a tún un yọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú dígí Ifẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ní àbùdá tirẹ̀, tí kò bá ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ti wá mu. Nǹkan bíi ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ yìí fi gbilẹ̀. Ìlú Ìlọrin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà kan rí: àwọn tó ń gbẹ́ òkúta pupa, tí wọ́n ń lu ihò sí i, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yún un títí yóò fi máa dán. Làńtánà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé ni, Ìlọrin ni ó sá gbà nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ní ìranù, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Iyùn wà, òun ni pupa tí ń bẹ lọ́rùn ìyàwó. Ṣẹ̀gi wà, òun ni aláwọ̀ aró. Akún wà. Lágídígba wà, dúdú ni, èèpo líle ara ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n ń fi ṣe é, ìdí ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Ẹ̀jìgbà wà, tó gùn láti ọrùn dé àyà. Idẹ Ọ̀ṣun wà lọ́wọ́ àwọn olùsìn rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a ti rọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí: bíìdì. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta á, ẹ ó gbọ́ "bíìdì pupa," "bíìdì búlúù," "bíìdì ìyàwó." Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pe ìrókò, àràbà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní igi, igi, igi.

Ó dùn mí nítorí pé ẹ̀ka tiwa ni ó yẹ kí ó bọ́ sí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá tí wọ́n ń kà sí àkọ́kọ́ ni ti Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas ń gbé jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọdún 1929 sí 1930. A ti kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí, a ti jiyàn lórí ìwà Ṣẹ̀gilọlá títí ohùn fi há. Mélòó nínú wa ló ti rí ṣẹ̀gi rí? Orúkọ obìnrin náà ń sọ fún wa pé ṣẹ̀gi jẹ́ ọlá, àwa kò sì mọ̀ bóyá ó rí roboto tàbí ó rí gbọọrọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe. Ojoojúmọ́ ni à ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń pa òwe yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ kò mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ní iṣẹ́ tó ń ṣe ju kí ó máa dán lọ. Ìyá ọmọ a máa so ó mọ́ ìdí ọmọ ìkókó. Bí ó bá fún, ọmọ ń sanra. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sílẹ̀, ọmọ ń rù, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Òṣùwọ̀n ni, kí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn tó dé.

A sì ń ṣe ìdánwò lórí àrokò. A mọ̀ pé bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́, ó ní ọkàn òun fà sí ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ní àwọn méjèèjì jọra. A kọ ọ́ sílẹ̀, a gba máàkì, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí àrokò bá jókòó níwájú wa ní kíláàsì, tí ó so mọ́ etí àti ọrùn ẹni tó gbé e wá, a ó ní ìranù ni. Ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti wúrà, ẹ jẹ́ kí a fi owó sọ̀rọ̀, nítorí pé owó ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti tó ₦1,500. Wúrà fúnra rẹ̀, tí áùnsì kan rẹ̀ kò tó 2,000 dọ́là ní oṣù kẹfà 2023 yẹn, ti kọjá 3,000 dọ́là ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ẹ fi ìkíní sọ ìkejì di púpọ̀. Obìnrin tó ra ẹ̀gbà wúrà gidi ní àkókò yẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́rin náírà tó fi rà á lọ. Ọkùnrin tó fi irú owó kan náà ra fóònù ní ọjọ́ kan náà, ẹ bi í bóyá fóònù náà ṣì ń gbé iná dúró di ọ̀sán.

Mi ò ní lọ jìnnà fún àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo rí ààyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, owó tí wọ́n ní kí a san kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé kò sí nílé. Bàbá mi ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣàlàyé. Ìyá mi kò pe ẹnikẹ́ni. Ó wọ yàrá, ó jáde pẹ̀lú ìdì kékeré kan nínú aṣọ ìnujú, ó gba ọjà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a san owó. Ẹ̀gbà méjì tó máa ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ń rokà kò dún mọ́. Bàbá mi, tó ti ń pe àwọn ẹ̀gbà náà ní àṣejù láti ọdún pípẹ́, wo ọwọ́ rẹ̀, kò rí nǹkan sọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi, ẹ sì ti ná gbogbo ohun tí ẹ ní." Ó ní, "Ta ló ní mo ná an? Mo ti ń wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí ni. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ná an."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ wo àwọn tó jókòó yí yín ká ní kíláàsì. Ẹni tí kò wọlé lórí ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ lè jẹ́ pé orí ṣéènì ọrùn ìyá bàbá rẹ̀ ni ó gbà wọlé. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, ilé lè jẹ́ ti ọkọ, ọjà lè jóná. Ohun tó wà lára obìnrin, tirẹ̀ ni, kò sì ní gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó tà á. Àwọn Mùsùlùmí mọ èyí dáadáa: sàdáákì tí ọkọ ń san, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ni ín. Bí ó bá gba wúrà, wúrà rẹ̀ ni.

Àwọn obìnrin wa tí òwò ẹrú kó sọdá òkun náà kò gbàgbé ọgbọ́n yìí. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Nàgó, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń kiri oúnjẹ ní ìgboro Salvador, wọ́n ń fi èrè rẹ̀ ra ara wọn padà. Àwọn tó ti gba òmìnira ń kó owó wọn sínú ẹ̀wọ̀n ọrùn, ẹ̀gbà àti yẹtí wúrà. Bí ẹ bá ka ìwé ìhágún tí irú wọn fi sílẹ̀, ẹ ó bá àwọn ohun ọ̀ṣọ́ náà níbẹ̀, wọ́n ń pín wọn fún ọmọ àti ọ̀rẹ́ bí ẹni ń pín ilẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ti tà ní ọjà rí, òun ló wá ń gbé ọrọ̀ ara rẹ̀ kọ́rùn níwájú gbogbo ìlú.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yín náà kù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ni ohun ìní. Wúrà tí kò lábùlà ni wọ́n ń pè ní kárátì 24. Kárátì 18 ní wúrà ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kárátì 9 kò sì tó ìdá ogójì. Èyí tí wọ́n kàn rì bọ omi wúrà, ẹ ò lè tà á san owó ilé ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni. Òjò kan, òógùn kan, ọrùn á di aláwọ̀ ewé. Bí irin tí ń jẹ́ níkẹ́lì bá pọ̀ nínú rẹ̀, etí ẹlòmíràn á máa yún, á máa ṣomi. Mi ò ní kí ẹ má rà á o. Ẹwà náà ní àyè tirẹ̀, ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún méjì kí ó fi ẹgbẹ̀rún méjì dára. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ènìyàn yá owó lórí fóònù, kí èlé máa gorí èlé, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àsè alẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí yóò já kí wọ́n tó pín ìrẹsì. Bí ẹ bá máa ra wúrà, ẹ wo àmì ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ gba rìsíìtì. Ohun tí ẹ bá sì yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹ dá a padà ní méjì bí ẹ ṣe gbà á. Ìjà tí yẹtí yíyá ti dá sílẹ̀ ní ilé gbígbé àwọn obìnrin, Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè parí rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ìmọ̀ràn tèmi fún yín kúrú. Bí wọ́n bá na méjì síwájú yín tí wọ́n ní kí ẹ yan ọ̀kan, ẹ má yàn. Ẹ béèrè pé, "Níbo lo ti rí èyí? Kí ni wọ́n ń pè é?" Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ta ló fún un, ọdún wo ni, iye tí wọ́n rà á. Kí ó tó parí, òun fúnra rẹ̀ á ti yan èyí tó fẹ́, orí yín á sì ti yọ. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bí a bá sì lọ fún ìsinmi sáà yìí, kí kálukú wa, ọkùnrin àti obìnrin, lọ bá ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí. Ẹ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, ọjọ́ tí wọ́n máa ń lò ó. Ẹ̀ka wa ti kó òwe jọ, ó ti kó oríkì jọ. Orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ náà tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán nílẹ̀.

Kó tó di ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí ìdí yẹtí kan ní kíláàsì ìpele kẹta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá fún wa. Láti ọjọ́ Tọ́sìdé ni wọ́n ti gbé gbogbo àga dúró.